Ẹni Tí A Gbé Pọ̀n Kò Mọ̀ Pé Ọ̀nà Jìn

Ìbáwí ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí ṣe. Bí ọmọ bá ń ná owó bàbá rẹ̀ bí ẹni ń da omi nù, tí kò sì bi ara rẹ̀ léèrè bí owó náà ṣe dé, ìyá rẹ̀ á wò ó, á ní: "Ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí á tún ẹ̀yìn yẹn wò dáadáa, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ohun tí ọ̀pọ̀ àwa onígbàgbọ́ ń wá kiri wà.

Nínú Diutarónómì 1:31, Mósè rán àwọn ọmọ Ísírẹ́lì létí pé ní gbogbo ọ̀nà aginjù tí wọ́n tọ̀, Olúwa gbé wọn bí ènìyàn ti í gbé ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá kì í rí ojú ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, síbẹ̀ ó ń gbọ́ bí àyà ìyá ṣe ń lù, ooru ara ìyá ń ràn án, ohùn ìyá, ì báà máa kọrin, ì báà máa ná ọjà, ń gba ẹ̀yìn wọ inú ara rẹ̀ títí oorun á fi gbé e lọ. Bí ìyá bá fẹ́ mọ̀ bí ara ọmọ ṣe rí, ọwọ́ ni yóò nà sẹ́yìn. Irú ìmọ̀ yìí ni Jésù ń sọ ní Jòhánù 17:3, pé ìyè àìnípẹ̀kun ni kí á mọ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ kan náà, "mọ̀", ni Bíbélì wa àtijọ́ lò fún Ádámù àti Éfà aya rẹ̀ ní Jẹ́nẹ́sísì 4:1.

Kí ló wá dé tí a fi ń gbàdúrà bí ẹni tó wá bẹ ọba láàfin? A to oríkì, a ka ẹ̀bẹ̀, a ṣe Àmín, a dìde. N kò ní kí á má bẹ̀bẹ̀ o. Jésù pàápàá bẹ̀bẹ̀ ní Gẹtisémánì. Ṣùgbọ́n ohun tó fi ṣáájú ẹ̀bẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí Máàkù 14:36 ti wí, ni "Ábà, Baba", ọ̀rọ̀ ilé tí ọmọ fi ń pe bàbá rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń ka èyí tí ọ̀nà ti rẹ̀, tó ti gbàdúrà títí, tí kò sì mọ̀ ọ́n lára pé ẹnikẹ́ni gbé òun. Ìtàn ìyá kan tó ń jẹ́ Àfàlá ni mo máa ń rántí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú wọ ìlú wọn, Ọ̀ṣoògùn, wọ́n kó ìyá, wọ́n kó ọmọ, wọ́n sì yà wọ́n nípa. Ọmọ náà ni Àjàyí, tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó kó ipa ńlá nínú títúmọ̀ Bíbélì Yorùbá. Ọdún 25 ni wọn kò fi ojú kan ara wọn. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé ńṣe ni àwọn di ara àwọn mú, tí àwọn ń wo ara àwọn láìsọ̀rọ̀, tí omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá òun. Oníwàásù ni, síbẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ sọ, kò sì sí ohun tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ní ọdún 1848, Àfàlá ṣe ìrìbọmi, ó gba orúkọ Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Aísáyà 49:15 sọ pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ pàápàá lè gbàgbé ọmọ ọmú rẹ̀, ṣùgbọ́n Olúwa kò ní gbàgbé.

Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, kí ẹ tó ka ẹ̀bẹ̀ kankan, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ pe Baba, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀. Bí ẹkún bá dé, ẹ sun ún. Bí oorun ló bá sì gbé yín lọ níbẹ̀, ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi.