Kì í ṣe máàkì 100 ló ń ba políì jẹ́

Láti oṣù Keje ọdún 2025 tí JAMB àti àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga ti fẹnu kò pé yunifásítì kò gbọdọ̀ gba ẹni tí kò ní tó 150, ṣùgbọ́n pé políì lè gba ẹni tó ní 100, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn òbí ní Òṣogbo. Bí a bá gbọ́ ọ ní Ìgbóná lónìí, a ó tún gbọ́ ọ ní Òkè-Fìà lọ́la. Àwọn kan ní ìjọba ti sọ políì di ààtàn tí wọ́n ń da àjẹkù yunifásítì sí. Àwọn kan ní kò burú, ṣebí iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ lọ kọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé rẹpẹtẹ ṣe. Ọ̀rọ̀ ìhà kejì yìí ló bí wa nínú jù, torí ẹnu àwọn tó yẹ kó mọ̀ la ti ń gbọ́ ọ.

100 nínú 400, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. A kò ní sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà lásán ni máàkì. Ọmọ tó gba 100 àti èyí tó gba 240, yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀, ìdí ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n jọ ń dúró sí, bí ẹ̀rọ ọ̀hún bá sì ti kú, àwọn méjèèjì á jọ máa wò ó ni. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń wí láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ẹ yé bá wa jiyàn lórí ẹni tó wọlé, ẹ sọ ohun tó bá níbẹ̀ fún wa.

ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní políì, tí gbogbo wa ṣì ń pè ní OND, sáà mẹ́rin ni, pẹ̀lú SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, fún oṣù mẹ́rin láàárín ọdún kìíní àti ìkejì. Ẹni tó bá parí rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ ọdún kan kó padà wá ṣe HND, ìwé ẹ̀rí kejì ní políì, ó sì lè gba Direct Entry bọ́ sí ọdún kejì ní yunifásítì. Àwọn òbí mọ èyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni ìṣirò tó wà nínú rẹ̀, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ kì í là yé ọmọ títí omi á fi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Nínú GPA, ìyẹn ìwọ̀n èsì ọmọ, 4.00 ni òkè pátápátá. Distinction bẹ̀rẹ̀ ní 3.50, Upper Credit ní 3.00, Lower Credit ní 2.50, Pass ní 2.00. Ẹni tó ní Lower Credit lè padà wá HND lẹ́yìn ọdún kan níta. Oní-Pass yóò ṣiṣẹ́ ọdún méjì, ó kéré tán. Yunifásítì púpọ̀ kì í sì wo ojú ẹni tí kò bá ní Upper Credit. Ó dáa, ẹ wo ọmọ tó mú 1.80 ní sáà àkọ́kọ́ nítorí pé kálíkúlọ́ọ̀sì àti yíya àwòrán ẹ̀rọ bá a lójijì. Bí yúníìtì sáà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, kò lè gba Distinction mọ́ láéláé. Kódà bó mú 4.00 ní sáà mẹ́ta tó kù, 3.45 ni yóò bá a dé. Kó tó lè ní Upper Credit, àfi kó máa mú 3.40 ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kó tó lè ní Lower Credit pàápàá, yóò máa mú bíi 2.74. Ta ló jókòó tì í sọ èyí fún un ní ọ̀sẹ̀ tó wọlé? Ṣé máàkì JAMB ló fa ìyẹn náà?

Kí òbí tó san owó ilé ẹ̀kọ́, kó yẹ orúkọ kọ́ọ̀sì ọmọ rẹ̀ wò nínú ìwé NBTE, àjọ ìjọba tó ń mójú tó políì. A sọ pé kọ́ọ̀sì, a kò sọ pé ilé ẹ̀kọ́. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni NBTE ń fọwọ́ sí. Ti Civil lè wà ní dígbí kí ti Electrical ti lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà kan náà. Ọdún márùn-ún ni ìfọwọ́sí kíkún ń lò kí wọ́n tó padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa tí a wà nítòsí sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ìgbà àyẹ̀wò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n yá wá láàárọ̀, tí wọ́n nù kó máa dán, tó padà sílé olówó rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ yẹn kò kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbà pé ẹ̀rọ wà. Ká ní ọmọ 30 ló yí lathe, ẹ̀rọ tí ń yí irin kí wọ́n lè gé e, kan ṣoṣo ká fún wákàtí mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí iná kò bá lọ. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn ni yóò ti de irin mọ́ chuck, ẹnu ẹ̀rọ tó ń di irin mú, kó má baà máa mì bó ṣe ń yí, tí yóò sì gbé ọ̀bẹ ìgérin kí ẹnu rẹ̀ bá àárín gbùngbùn irin náà ṣe déédéé. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá ga ju àárín lọ, á kàn máa ha irin ni, kò ní gé e. Bó bá rẹlẹ̀ jù, irin á fẹ́ gun orí ọ̀bẹ, ẹnu rẹ̀ á sì ṣẹ́. Ọwọ́ ló ń kọ́ irú nǹkan báyìí. Ọmọ tó dúró sí ẹ̀yìn ènìyàn 20 kò rí ju èjìká ẹni iwájú rẹ̀ lọ. Ìlú tí ìjọba àpapọ̀ dìídì kọ́ Nigeria Machine Tools sí, tí wọ́n ní kó máa ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀rọ, ibẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀ yìí o.

Àwọn tó ní ìwé kò pọn dandan fún oníṣẹ́ ọwọ́, a fẹ́ kí wọ́n wo inú ilé ara wọn. Inverter 3.5kVA tó ń lo bátìrì 24 volt ti pọ̀ nígboro báyìí. Bí ẹrù orí rẹ̀ bá tó wáàtì 2,800, bíi áńpíà 117 ló ń gba inú wáyà tó so bátìrì mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ ìṣirò á lọ ra wáyà 10mm² torí pé ó dínwó, òun náà ṣáà nípọn lójú. Bí wáyà yẹn bá gùn ní mítà méjì lọ, mítà méjì bọ̀, ó ti jẹ nǹkan bíi volt 0.86 kí iná tó dé inverter. Inverter á rò pé bátìrì ti ń tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Onílé á ní wọ́n ta bátìrì burúkú fún òun, á lọ ra òmíràn. Ní gbogbo àsìkò yìí, wáyà ń gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ ń rọ̀ níbi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì dè é. Wáyà 35mm² ì bá jẹ bíi 0.25 péré, fíúsì kan lẹ́bàá orí bátìrì ì bá sì gba ilé là. Iṣẹ́ ọmọ OND iná nìyẹn. Kò nílò ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ti kọnkéré náà ń bẹ. Lórí ilẹ̀ iṣẹ́, ọmọ OND Civil ló yẹ kó dúró ti kóònù ìdíwọ̀n tó ga ní 300mm, kó rọ kọnkéré sínú rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, kó fi ọ̀pá gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 25, kó fa kóònù sókè jẹ́ẹ́jẹ́, kó sì wọn bí òkìtì náà ṣe wálẹ̀ tó láti mọ̀ bóyá ó ti ṣàn jù. Òun náà ni yóò ṣe kúbù 150mm, tí yóò rì wọ́n sómi, tí wọn yóò fọ́ wọn ní ọjọ́ keje àti ọjọ́ 28 láti mọ agbára wọn. Bí kò bá sí ẹni tó ń ṣe èyí, bíríkìlà á pàṣẹ kí wọ́n tún da omi sí i kó lè rọrùn láti tẹ́, omi tó sì lé ni yóò sọ kọnkéré di aláìlágbára. Bí ilé bá wó, ìjọba á gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ìgbìmọ̀ á jókòó, á jẹun, á kọ ìwé.

Èyí ló gbé wa dé orí SIWES, ọ̀rọ̀ tí ẹnu wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí rẹ̀. Ní 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí kíkọ́ni níṣẹ́, dá ètò yìí sílẹ̀. Lórí ìwé, kò sí ohun tó ṣe é. Ọmọ á gba lẹ́tà àti logbook nílé ẹ̀kọ́, iléeṣẹ́ á fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á, á máa kọ iṣẹ́ òòjọ́ pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á máa buwọ́ lù ú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, olùkọ́ á wá bẹ̀ ẹ́ wò, wọn á kọ fọ́ọ̀mù ìparí ètò, Form 8. Níbo ló ti ń bàjẹ́? Ọmọ kò rí àyè. Ó ń fi lẹ́tà kan wọ ọ́fíìsì mẹ́wàá, gbogbo wọn ń ní kó padà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nínú mẹ́rìndínlógún. Níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ á fi í síbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ọmọ Mẹ́káníìkà ń ra ìrẹsì fún ọ̀gá. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, á yá logbook ọ̀rẹ́ rẹ̀, á da gbogbo rẹ̀ kọ lóru kan pẹ̀lú bírò kan náà, á wá ẹni tó ní òǹtẹ̀. Olùkọ́ tó yẹ kó wá wò ó tẹ̀ ẹ́ láago ni, kò ní owó ọkọ̀.

Iṣẹ́ kò sì wọ́n nítòsí. Ibùdó tí wọ́n ti ń darí gbogbo iná orílẹ̀-èdè yìí, Òṣogbo níbí ló wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe títì, ó ń gbẹ́ gọ́tà, ó ní ẹ̀ka omi tó ní pọ́ǹpù àti mọ́tò, ó ní ọkọ̀ àti katakata tí wọ́n ń tún ṣe lójoojúmọ́. Àwọn kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì ń bá ọ̀gá wọn dọ́bálẹ̀ sábẹ́ mọ́tò títí wọ́n á fi ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ọmọ tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń kọ́ kò rí spánà mú. Ohun tí a béèrè lọ́wọ́ ìjọba kò le. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé síta pé agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ gba ọmọ SIWES mẹ́rin, ó kéré tán, sórí ilẹ̀ iṣẹ́ náà. Kí wọ́n má sì san owó ìpele kejì àyàfi tó bá mú orúkọ wọn àti logbook tí ẹnjiníà rẹ̀ ti buwọ́ lù wá. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ìlà méjì ni nínú ìwé. A ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ìlà méjì! Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mélòó ni ẹ ti tẹ̀ níbẹ̀?

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 fi ọdún méje dá ṣíṣí ilé ẹ̀kọ́ gíga àpapọ̀ tuntun dúró, a yìn wọ́n. A ò kàn fẹ́ kí owó tó yẹ kó ti ibẹ̀ ṣẹ́ kù gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Àwọn olóṣèlú wa fẹ́ràn pátákó tuntun. Híha ìpẹtà kúrò lára lathe kò ṣeé fi ya fọ́tò.

Ti owó oṣù náà kò ṣeé fi sábẹ́ ẹní. Ipele 06 ni OND ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ipele 07 ni HND, ipele 08 ni ti yunifásítì, HND sì ti ń kọsẹ̀ ní ipele 14 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba kan náà tó kọ èyí sílẹ̀ ló tún ń jáde sórí rédíò láti bi wá léèrè ìdí tí àwọn ọmọ kò fi fẹ́ políì. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn kí ipele wà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ gbangba, kí òbí mọ èyí tó ń rà.

Àwọn ọmọ ọdún kìíní ní Ìrèé, ní Ẹ̀sà-Òkè àti ní políì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ẹdẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà SIWES kiri ìgboro Òṣogbo láìpẹ́. A fẹ́ kí kọmíṣánnà iṣẹ́ òde àti ọ̀gá ẹ̀ka omi sọ, ṣáájú ọjọ́ yẹn, iye ọmọ tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lábẹ́ wọn yóò gbà àti orúkọ ẹni tí wọn yóò lọ bá níbẹ̀. Ojú ìwé yìí ṣófo dè wọ́n. Nọ́ńbà nìkan ni kí wọ́n fi ránṣẹ́.