Kì í ṣe àwọ̀ ara nìkan ló dá àwọn sójà Bọ́mà dúró

Ní Àkúrẹ́ níbí, bí ọ̀rọ̀ ogun Hítílà bá ti délẹ̀, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn òyìnbó mọ̀ọ́mọ̀ há àwọn ọmọ wa tó lọ bá Jàpáànù jà ní Bọ́mà (Myanmar òde òní) mọ́ ilẹ̀ Íńdíà lẹ́yìn ogun nítorí pé wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, nígbà tí àwọn sójà aláwọ̀ funfun ti padà sílé lọ jókòó ti ìyàwó wọn. Ìwé ìdásílẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n fún sójà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí. Mo rí irú rẹ̀ kan ní agbolé kan ní Òkè-Àró, tí omi ti ba etí rẹ̀ jẹ́: nọ́ńbà sójà náà wà níbẹ̀, gíga rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sì tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bọ́ sí inú ọdún 1946. Bẹ́ẹ̀ ni Jàpáànù ti túúbá láti oṣù kẹjọ ọdún 1945. Ọmọ bàbá náà bi mí pé bí kì í bá ṣe ìyà, kí ni wọ́n ń fi bàbá àwọn ṣe lọ́hùn-ún ní gbogbo oṣù yẹn.

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń dúró dè. Nǹkan bí 90,000 sójà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ sí Éṣíà, ojú òkun nìkan ni ọ̀nà tí wọ́n lè gbà padà, àwọn ará Jámánì sì ti ri ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ nígbà ogun. Ìwọ̀nba ọkọ̀ tó ṣẹ́kù náà ni yóò kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ Jàpáànù, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lọ sílé, àti oúnjẹ fún àwọn ìlú tí ebi ń pa.

Àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ètò ìdásílẹ̀ sójà tí Ernest Bevin, mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nígbà ogun, ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ọjọ́ orí àti iye ọdún tí ènìyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ogun, nítorí náà ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pẹ́ níbẹ̀ ní láti dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 1946, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Karachi, ó sì ràn dé Ceylon (Sri Lanka òde òní) àti Singapore; ní oṣù kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà Amẹ́ríkà wọ́de ní Manila pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 1919, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn sójà Kánádà tí wọ́n ń retí ọkọ̀ ní Kinmel, ní ilẹ̀ Wales, márùn-ún nínú wọn sì kú.

N kò sọ pé kò sí ẹ̀tanú o. Owó oṣù sójà dúdú kò tó ti funfun, ẹni tó bá ń bínú sí ìyẹn kò jẹ̀bi lójú tèmi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ogun abẹ́lé tiwa, tó parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970, níbi tí kò sí òyìnbó kankan tó ń pàṣẹ. Àwọn ọmọ ogun tí wọn kò ju nǹkan bí 10,000 lọ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ti di nǹkan bí 250,000 nígbà tó parí. Ìjọba Gowon kò dá ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀, nítorí kò sí iṣẹ́ tí wọn yóò bá pàdé nílé, ẹ̀rù sì ń bani láti tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó mọ ìbọn yìn sí ìgboro lọ́wọ́ òfo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sójà náà ni kò tilẹ̀ fẹ́ lọ, nítorí owó oṣù tó ń wọlé déédéé sàn ju ohun tí wọn yóò rí lóko. Bárékè kò gbà wọ́n, owó tí wọ́n ń ná lé wọn lórí sì ń wọ ìjọba lọ́rùn. Ìgbà tí Murtala Mohammed gba ìjọba ní ọdún 1975 ni dídín wọn kù tó di ohun tí ìjọba dájú sọ, lẹ́yìn tí wọ́n sì pa á ní oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba Obasanjo ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀.