Pé hit ratio wọ 99% kò ní kí ara dátábéèsì dá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú ìwé ìsanwó wa ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 11 kó tó ṣí, àwọn oníbàárà sì ti ń pariwo láti àárọ̀. A pe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí jù mí lọ ṣí pg_stat_database, ibi tí PostgreSQL, dátábéèsì tí à ń lò, ń kọ òǹkà iṣẹ́ rẹ̀ sí, wọ́n ro blks_hit pọ̀ mọ́ blks_read, wọ́n fi pín blks_hit, èsì rẹ̀ ni à ń pè ní hit ratio, wọ́n sì ní: "99.6%. Dátábéèsì kọ́ o. Ẹ lọ wo kóòdù yín." Bí ìpàdé ṣe tú nìyẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n yìí gan-an, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń lo PostgreSQL, lẹ́nu àwọn tó ń lo Oracle, lẹ́nu àwọn tó ń lo SQL Server, kò sì sí ìgbà tí mo gbà á gbọ́ tí kò jẹ mí lákòókò.

Kí ni nọ́ńbà náà ń kà gan-an? PostgreSQL ń to dátà sínú búlọ́ọ̀kù, kílóbáìtì 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọn kò bá yí i padà. Bí query (ìbéèrè tí a bi dátábéèsì) bá wá búlọ́ọ̀kù kan, tó bá a nínú shared_buffers, ìyẹn mẹ́mórì tí PostgreSQL yà sọ́tọ̀ fún dátà, blks_hit á lé 1. Bí kò bá bá a níbẹ̀, blks_read ló máa lé 1. Gbogbo ohun tó mọ̀ nìyẹn. Kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí query náà wá búlọ́ọ̀kù yẹn rárá. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ló wá a àbí ẹgbẹ̀rún ìgbà. Kódà, blks_read ò ní kó jẹ́ pé orí dísìkì ni wọ́n lọ, torí Linux náà ní cache tirẹ̀, ó lè jẹ́ inú mẹ́mórì yẹn náà ni wọ́n ti fà á yọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó là mí lójú, torí òun ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí ẹnì kan bá tún gbé 99% síwájú mi.

A ní table kan níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni a ń to iṣẹ́ sí. Ohun tó bá yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí oníbàárà á wọlé síbẹ̀, worker kan (ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀) á mú un, á ṣe é, á sì pa ìlà rẹ̀ rẹ́. Ìlà tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í sábà ju 300 lọ. Query tó ń mú iṣẹ́ tó kàn kì í lò tó ms 1 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ms 30. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ ms 80, àwọn worker 40 sì ń pè é láìdákẹ́. CPU kún dé ọrùn. Mo ṣí àwòrán hit ratio: láti 97% tó máa ń wà, ó ti gòkè dé 99.9%. Mo fi ojú ara mi rí nọ́ńbà tí wọ́n ní ó ń sọ ìlera, bó ṣe ń gòkè tí àìsàn náà sì ń le sí i.

Mo fi EXPLAIN (ANALYZE, BUFFERS), àṣẹ tó ń fi iye búlọ́ọ̀kù tí query wá hàn, wo query náà. Ìlà 1 ló dá padà. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ síbẹ̀: shared hit=41216. Kò sí read kankan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: búlọ́ọ̀kù 41,216 ní kílóbáìtì 8, mẹ́gábáìtì 322 ni. Ó gba inú mẹ́gábáìtì 322 kọjá kó tó rí ìlà kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú mẹ́mórì, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ hit. Bí query kan ṣe ń fi 41,216 kún blks_hit lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, tí kò fi nǹkan kan kún blks_read. Báwo ni ratio kò ṣe ní gòkè?

Kí ló wà nínú búlọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn? Òkú ìlà. Bí ẹ bá pa ìlà rẹ́ ní PostgreSQL, kì í kúrò nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Vacuum ló ń sin ín, kò sì lè sin ín níwọ̀n ìgbà tí transaction kan (àkójọ iṣẹ́ tí a fi BEGIN ṣí, tí a sì fi commit gbà wọlé tàbí fi rollback fagi lé) tó ti ṣí ṣáájú bá ṣì lè fẹ́ wò ó. Mo ṣí pg_stat_user_tables, mo rí i pé autovacuum, vacuum tó ń dá ara rẹ̀ ṣe, ti kọjá níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ ara mi pe VACUUM VERBOSE. Ó dá mi lóhùn: 0 removed, 160445 remain, 160233 are dead but not yet removable, ìyẹn ni pé kò sin ìkankan, òkú 160,233 ni kò tíì ṣeé sin. Ìlà 212 péré ló wà láàyè níbẹ̀. Autovacuum ń ṣiṣẹ́ o, ó ń pààrà table yẹn ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo ló fi ń padà.

Mo wá to pg_stat_activity, tó ń fi àwọn tó wà lórí dátábéèsì hàn, nípa xact_start, ìgbà tí transaction wọn bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ lókè: idle in transaction (ó ṣí transaction, kò sì ṣe nǹkan kan), láti aago 8:47 àárọ̀. Alábàáṣiṣẹ́ wa kan ló tẹ BEGIN, ó yí ìlà kan padà nínú table mìíràn láti fi dán nǹkan wò, ó sì bọ́ sí ìpàdé láìṣe commit. Kò mọ̀. Mo gé e kúrò pẹ̀lú pg_terminate_backend. Autovacuum tó tẹ̀ lé e sin gbogbo òkú náà, query padà sábẹ́ ms 1, hit ratio sì já padà sí 97%. Ẹni tó bá ń fi ratio ṣọ́ ilé á ní mo ba nǹkan jẹ́.

Ẹ tún kíyè sí ohun kan níbẹ̀, torí ó kan àwọn tó ń ka transaction nìkan. Xact_commit àti xact_rollback, òǹkà méjì nínú pg_stat_database, kì í ka transaction àfi tó bá parí. Èyí tó fa gbogbo wàhálà ọjọ́ yẹn kò tíì parí, nítorí náà kò sí nínú commit, kò sí nínú rollback. Èèyàn lè máa wo òǹkà méjèèjì yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí i. Àwọn tí òǹkà yẹn sì ń kà náà kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ rò: SELECT kan ṣoṣo tí kò sí BEGIN níwájú rẹ̀, transaction kan ni, ìbéèrè tí irinṣẹ́ ìṣọ́ yín ń bi dátábéèsì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Rollback tó pọ̀ náà kò ní kó jẹ́ àṣìṣe, torí àwọn library kan wà tó jẹ́ pé rollback ni wọ́n fi ń pa transaction tó kàn ka nǹkan dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ọdún 20 tí Cary Millsap, onímọ̀ Oracle kan, ti kọ̀wé fún àwọn ará Oracle pé 99% lè jẹ́ àmì pé SQL yín ń jẹ mẹ́mórì lásán. Connor McDonald, onímọ̀ Oracle mìíràn, tilẹ̀ kọ script kan: ẹ sọ ratio tí ẹ fẹ́ fún un, á bá yín gbé e débẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí dátábéèsì máa ka àwọn búlọ́ọ̀kù kan náà ní àkàtúnkà, láìrí iṣẹ́ gidi kan ṣe. Bí èèyàn bá lè fi iṣẹ́ asán gbé nọ́ńbà kan sókè, kí ló wá fẹ́ fi sọ fún wa?

Wọ́n á ní mẹ́mórì yá ju dísìkì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yá jù ú lọ. Ìyẹn ò sọ iṣẹ́ tí kò yẹ kó wáyé di iṣẹ́ rere.

Àròpọ̀ ni òǹkà náà sì jẹ́, láti ìgbà tí stats_reset bá kọ, ìyẹn ìgbà tí wọ́n dá òǹkà padà sí òdo gbẹ̀yìn. Ká ní dátábéèsì ti wá búlọ́ọ̀kù bílíọ̀nù 10 láti oṣù mélòó kan, tí hit ratio rẹ̀ jẹ́ 99%. Bí àárọ̀ òní bá fi mílíọ̀nù 5 kún read, ohun tí ẹ máa rí lójú ìwé ni 98.95%. Ta ló máa sáré nítorí ìyẹn? Bí ẹ bá fẹ́ fi òǹkà yìí ṣe ohunkóhun, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ lọ sí pg_stat_statements, tó ń ka iṣẹ́ query kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ fi calls (iye ìgbà tí wọ́n pè é) pín shared_blks_hit. Query tó ń dá ìlà 1 padà tó sì ń wá búlọ́ọ̀kù 40,000 kò ní lè fara pa mọ́ níbẹ̀.

Mo gbà pé bí ratio bá já lójijì nígbà tí iṣẹ́ kò yí padà, ó yẹ kéèyàn wo ohun tó fà á. Ibi tí mo lè gbà á dé nìyẹn.

Ojú ìwé ìsanwó ńkọ́? Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú kóòdù tó ń ya ojú ìwé náà palẹ̀: a fi ète sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Mo ṣí pg_stat_activity. Session (ìsopọ̀ mọ́ dátábéèsì) 14 ló tò sẹ́yìn ara wọn, wait_event_type wọn jẹ́ Lock, ìyẹn ni pé wọ́n ń dúró de ohun tí ẹlòmíràn ti tì pa. PostgreSQL 9.6 ló gbé wait_event_type àti pg_blocking_pids dé ní 2016, ó yẹ kí ọwọ́ gbogbo wa ti mọ́ wọn. Pg_blocking_pids tọ́ka sí session kan ṣoṣo níwájú gbogbo wọn, idle in transaction. Kóòdù kan ti ṣí transaction, ó ti ti ìlà kan pa, ó wá lọ pe iṣẹ́ ìsanwó tó wà níta, ó ń dúró de èsì kó tó ṣe commit. Ẹni tó ń dúró de lock kò wá búlọ́ọ̀kù kankan, kò fi nǹkan kan kún hit, kò fi nǹkan kan kún read. Kóòdù ló jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú dátábéèsì ni ẹ̀rí wà, 99.6% ló sì ní ká má wo ibẹ̀.

A gbé ìpè yẹn kúrò láàárín BEGIN àti COMMIT. A sì fi idle_in_transaction_session_timeout, ààlà àkókò fún irú session bẹ́ẹ̀, sí ìṣẹ́jú àáyá 30, torí 0 ló máa ń wà, ìyẹn ni pé kò sí ààlà. Ojú ìwé padà sí ṣíṣí ní wàràwéré. Mo ké sí ẹ̀gbọ́n, a jọ wo pg_stat_database lẹ́ẹ̀kan sí i: 99.6%, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ní àárọ̀ tí àwọn oníbàárà ń pariwo.