Wọ́n Ní "Wa Wa Wa", Mo Bá Ń Sáré Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, èrò ọkàn mi rèé o, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn mo gbé fótò Wamena, ìlú kan ní Papua lórílẹ̀-èdè Indonesia, níbi táwọn èèyàn ti múra ìbílẹ̀, sí sítátọ́ọ̀sì mi, bí bọ̀dá kan ládùúgbò wa ṣe fèsì nìyẹn pé "Ìyá Ìbejì, ṣé àwọn ará igbó yìí lẹ náwó bàálù lọ wò? Wọ́n ń fi yín ṣeré ni o. Tẹ́ ẹ bá ti kẹ́yìn síbẹ̀ báyìí, jíǹsì ni wọ́n máa wọ̀." Mo fi ẹ̀rín ránṣẹ́ sí i, ẹ̀rín orí fóònù yẹn tí ojú ò mọ̀ sí i. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí òótọ́ ló sọ, wọ́n ń wọ jíǹsì, mo fojú mi rí i. Ohun tó fi òótọ́ yẹn ṣe ni mi ò gbà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀ ná, káwọn kan má lọ máa rò pé mo ti di olówó. Àdìrẹ ni mò ń ṣe, mo sì ń tà á ní Ìtòkú. Aṣọ ló gbé mi dé Jakarta lóṣù kẹjọ, ọjà Tanah Abang, ibi tẹ́ ẹ ti máa gbọ́ Yorùbá àti Ìgbò bí ẹni pé Balógun l'Ékòó lẹ wà. Àbúrò mi ọkùnrin ti ń ṣòwò níbẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Òun ló ní "Àǹtí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ jẹ́ ká lọ wo Papua." Mo ní ṣé ó jìnnà ni? Ó ní rárá. Irọ́ gidi! Bàálù láti Jakarta dé Jayapura, bíi wákàtí márùn-ún, orílẹ̀-èdè kan náà la ṣì wà o, aago fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú tàwa níbí. A tún wọ bàálù kékeré lọ sí Wamena ní Sentani, pápákọ̀ òfurufú Jayapura, ìyẹn ò tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n gbogbo súrà tí mo mọ̀ ni mo kà tán nínú ẹ̀, torí òkè lápá ọ̀tún, òkè lápá òsì, ìkùukùu níwájú, bàálù ń jù wá sókè sódò bíi dánfó tó já sí kòtò. Ó ṣe díẹ̀, òkè là sí méjì, a rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó fẹ̀ lọ súà, odò Baliem ń yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún láàárín oko. Olúmọ tiwa tá a fi ń yangàn, mítà 137 ni. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ibẹ̀ o, ó ju mítà 1,600 lọ sókè òkun. Èmi sì rèé tó jẹ́ ìró méjì àti sálúbàtà ni mo dì lẹ́rù. Òtútù alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ.

Ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń lò níbẹ̀ bàálù ló ń gbé e wá, ìrẹsì, epo bẹntiróòlù, kódà síméńtì. Síméńtì wọ bàálù! Àwa tí Ewékorò wà nítòsí wa ṣì ń ké pé síméńtì wọ́n. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ fún àlejò níwèé, surat jalan ni wọ́n ń pè é, ká tó lè dé àwọn abúlé, torí ibẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà rọgbọ. Lóṣù kẹsàn-án 2019 rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Wamena tó pa èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Mi ò sọ fún ìyá mi kí n tó lọ.

Ọjọ́ kejì la dé abúlé àwọn Dani, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ yẹn. Gáìdì wa ló ṣáájú, bá a ṣe yọjú báyìí làwọn obìnrin figbe ta, "wa! wa! wa! wa!" Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, kí lẹ fẹ́ kí n gbọ́ níbẹ̀? Mo ká ìró mi sókè mo bá ń sáré lọ, mo ní mò ń bọ̀ o, mò ń bọ̀. Àṣé bí wọ́n ṣe ń kíni káàbọ̀ nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì fi ń dúpẹ́. Ìgbà tí àbúrò mi ṣàlàyé fún gáìdì, tí gáìdì sọ fún wọn pé lédè tèmi wọ́n ń pè mí ni, ẹ̀rín pa wọ́n débi pé ìyá kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn, Mama Wa ni wọ́n ń pè mí. Ẹ tún ìyẹn náà pè wò lédè Yorùbá, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé àjèjì ni mí níbẹ̀.

Honai ni wọ́n ń pe ilé wọn, róbótó báyìí, koríko lórí ẹ̀, ilẹ̀kùn tó kúrú tó jẹ́ pé bó ti wù kéèyàn níyì tó á bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, kò sí wíńdò, iná wà láàárín. Àwọn ọkùnrin lọ́tọ̀, àwọn obìnrin lọ́tọ̀. Èéfín inú ẹ̀ gbé mi padà sí ilé ìdáná ìyá ìyá mi ní Kémta, ojú mi ń sunkún, ọkàn mi ń rẹ́rìn-ín. Ànàmọ́ ni oúnjẹ wọn, hipere ni wọ́n ń pè é, láàárọ̀, lálẹ́. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o, ẹ lọ wo oko ẹ̀, kòtò tí wọ́n gbẹ́ yí ebè ká kí omi lè ráyè lọ, ó mọ́ ju gọ́tà àdúgbò wa lọ. Oko wọ̀nyí ni Òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Richard Archbold rí látinú bàálù lọ́dún 1938, ni wọ́n bá ní ó ṣàwárí wọn. Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò oko ẹ̀ lọ́wọ́, ó sọnù ni?

Ẹlẹ́dẹ̀ ni ọlá wọn, òun ni wọ́n fi ń fẹ́yàwó, òun ni wọ́n fi ń parí ìjà. Èmi Mùsùlùmí ti ń ronú pé ànàmọ́ lásán ni máa jẹ délé, àfìgbà tá a dé Walesi, àwọn Dani tó ń kírun wà níbẹ̀ dáadáa, honai náà ni wọ́n ń gbé. Adìyẹ ni wọ́n fi ṣe bakar batu fún wa. Wọ́n á dáná sun òkúta títí á fi pọ́n, igi tí wọ́n là lẹ́nu ni wọ́n fi ń mú un bí ẹ̀mú, wọ́n á jù ú sínú kòtò tí wọ́n ti tẹ́ ewé sí, wọ́n á kó ànàmọ́ lé e, ẹ̀fọ́, adìyẹ, òkúta mìíràn, ewé mìíràn, wọ́n á bò ó pa. Kò síkòkò, kò sáta. Ẹ̀n-ẹ́n, kò sáta! Mo yọ ata gbígbẹ tí mo dì sínú ọ̀rá látilé, tọmọdé tàgbà wọn tọ́ ọ wò, a jọ ń wúkọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìyá àgbà kan. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, tí èèyàn wọn bá kú, àwọn obìnrin á gé oríkèé ìka láti fi ṣọ̀fọ̀. Ìjọba ti fòfin dè é, àwọn àgbà nìkan lẹ ti lè rí i. Ìka mẹ́ta ni ti ìyá yìí ò dé òkè mọ́. Àbúrò mi ti gbé fóònù. Ìyá na ọwọ́ kan kó lè rí i dáadáa, ọmọ ẹ̀ na tiẹ̀ láti gbowó. Kí n má purọ́, inú bí mi. Mo ní ọ̀fọ̀ náà ti dọjà? Àfi bí ojú ìyá ìyá mi ṣe yọ sí mi, pẹ̀lú àbàjà ẹ̀ tó jinlẹ̀. Àwọn àlejò tó bá ti Olúmọ sọ̀kalẹ̀ máa ń ya ojú yẹn láìkí i, wọ́n á máa lọ, ìyá á ní "ta nìyẹn?" Kò sẹ́ni tó fún un ní kọ́bọ̀ rí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní ká má kọlà fọ́mọ mọ́, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, mi ò kọ ọ́ fáwọn ìbejì mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbé ojú ìyá mi lọ sílé ẹ̀, kó sanwó. Mo san tèmi fún ìyá yẹn. Àbúrò mi ní mo san jù, mo ní kó gbẹ́nu dání.

Ó wá ku jíǹsì bọ̀dá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ató, akèrègbè tẹ́ẹ́rẹ́ ọlọ́rùn gígùn yẹn, irú ẹ̀ ni koteka táwọn ọkùnrin wọn ń ki nǹkan ọmọkùnrin wọn bọ̀, wọ́n á so okùn mọ́ ọn, aṣọ parí nìyẹn. Lọ́dọọdún lóṣù kẹjọ wọ́n ń ṣe àjọ̀dún Àfonífojì Baliem, láti 1989, abúlé kan á dojú kọ èkejì pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti ọfà, wọ́n á ja ogun àfiṣeré. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó kun èédú, ìyẹ́ lórí, ehín ẹlẹ́dẹ̀ nímú, ó ń ké ramúramù. Ẹ̀yìn wákàtí kan, ó yọ lẹ́yìn tírélà pẹ̀lú jíǹsì àti jẹ́sì bọ́ọ̀lù, ó ní ká fi fótò òun han òun. Ó wò ó títí, ó ní ká pa èyí tí òun dijú níbẹ̀ rẹ́.

Bọ̀dá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ agbádá sányán lọ́jọ́ Lísàbí, ṣé inú ẹ̀ lẹ máa ń sùn? Ti egúngún ńkọ́? Obìnrin ni mí, ẹ jẹ́ n panu mọ́. Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ gbé ṣòkòtò lé wọn lọ́wọ́? Láwọn ọdún 1970 ìjọba Indonesia gbé ètò kan dìde tí wọ́n pè ní Operasi Koteka, pé kí wọ́n bọ́ koteka kí wọ́n wọṣọ bí èèyàn. Wọ́n ní kí wọ́n wọ ṣòkòtò, wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n ní àlejò ń bọ̀, kí wọ́n bọ́ ọ, wọ́n bọ́ ọ. Àlejò wá dé, ó ní òpùrọ́ ni wọ́n.

Ẹ bi èmi léèrè ohun tó ń jẹ́ ayédèrú, òun ló fẹ́ pa iṣẹ́ mi. Àdìrẹ tí máṣínì tẹ̀ ní Ṣáínà kún Ìtòkú, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà ẹ máa rí i pé funfun ni, tiwa tó wọnú aró, ẹ̀yìn ẹ̀ mọ ohun tí iwájú ń ṣe. (Kẹ́míkà lèmi náà fi ń rẹ ọ̀pọ̀ tèmi o, elú ti wọ́n, ẹ má bẹnu àtẹ́ lù mí.) Ní ọjà Wamena àwọn màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ànàmọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn wọn, ará erékùṣù mìíràn ló ni ín. Mo ra noken lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, báàgì tí wọ́n ń fi okùn èèpo igi hun, iwájú orí ni wọ́n ń gbé e kọ́, ọmọ á sùn nínú ẹ̀, ànàmọ́ á wà nínú òmíì. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2012 pé kó má lọ parun. Àwọn kan ti ń fi òwú ọ̀rá hun ún, ni mo bá yí tèmi dé ẹ̀yìn bí mo ṣe máa ń yí aṣọ, mo fọwọ́ ra okùn ẹ̀. Màmá náà wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé okùn sórí itan ẹ̀ ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí i kí n lè rí bó ṣe ṣe é. Oníṣẹ́ mọ oníṣẹ́. Mi ò dúnàá dúrà.

Sátidé tó kọjá, ọwọ́ mi wà nínú aró dé ìgbọ̀nwọ́, àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń ti Olúmọ bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọn ò kí mi, wọ́n ń yà mí ní fótò. Mo ní owó fótò dà? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn yọ 1,000 náírà, ó ní "Ẹ má bínú màmá." Mo nu ọwọ́ mi, mo gbà á, mo fi sínú noken.