Ara ríro kọ́ ló ń fi hàn pé eléré ṣiṣẹ́

"Bí ara ò bá ro ẹ́ lọ́la, a jẹ́ pé o kàn ń ṣeré lónìí ni." Gbólóhùn yìí ò wọ́n lẹ́nu àwọn kóòṣì. Àwọn eléré náà ti gbà á gbọ́ débi pé ẹni tó bá jí lọ́jọ́ kejì tí itan rẹ̀ ò dùn ún á rò pé òun ṣọ̀lẹ. Irọ́ ni, ó sì ti ba ọ̀pọ̀ ìgbáradì jẹ́.

Àlàyé tí wọ́n máa ń gbé lé e ni pé lactic acid, èròjà kan tí iṣan máa ń mú jáde tí iṣẹ́ bá le, ló kóra jọ sínú iṣan. Lactic acid kì í sùn síbẹ̀ mọ́jú. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí eléré bá dúró, ara ti kó èyí tó pọ̀ jù kúrò. Kódà, ọkàn máa ń fi ṣe agbára. Ìrora tí à ń wí yìí ẹ̀wẹ̀, láàárín wákàtí 24 sí 72 ló sábà máa ń le jù.

Ẹ mú sárésáré méjì, kí ọ̀kan máa sáré gun òkè, kí èkejì máa sáré sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń gun òkè ló máa mí hẹlẹhẹlẹ, òun náà ni lactic acid rẹ̀ máa pọ̀. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lè má tilẹ̀ làágùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ kejì, òun ló máa di ògiri mú kó tó lè jókòó. Ìdí ni pé bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan itan rẹ̀ ń nà bó ṣe ń gba ìwúwo ara dúró, àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín inú rẹ̀ sì ń ya. Theodore Hough, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ti dábàá ọ̀rọ̀ yíya yìí láti ọdún 1902.

Kí sárésáré náà tún sọ òkè kan náà kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìrora á ti dín kù gan-an. Tó bá jẹ́ ìrora la fi ń díwọ̀n, a ó ní ẹ̀ẹ̀kejì ò wúlò, nígbà tó jẹ́ pé iṣan rẹ̀ ti lè fara da á sí i. Iṣẹ́ tí kò tíì mọ́ ara lára ló ń mú un ro.

Ibi tí kóòṣì ti ń ṣìnà gan-an nìyí. Ó fẹ́ kí wọ́n máa ké "yéè", ló bá ń pààrọ̀ iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, eléré ò sì ní mọ èyíkéyìí dunjú. Bẹ́ẹ̀, iṣan tó ń ro kì í lè lo gbogbo agbára rẹ̀. Ẹni tí itan ń ro, ẹ ní kó wá kọ́ eré àsápajúdé. Ẹsẹ̀ wíwọ́ ló máa kọ́.

Mi ò ní kí iṣẹ́ rọ̀ o. Arthur Lydiard, kóòṣì ọmọ New Zealand, máa ń ní kí àwọn sárésáré rẹ̀ sá tó 160 kìlómítà lọ́sẹ̀, àmọ́ kò fẹ́ kí wọ́n máa sá a títí agbára á fi tán pátápátá. Ní ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Róòmù lọ́dún 1960, méjì nínú wọn gba wúrà lọ́jọ́ kan náà: Peter Snell ní mítà 800, Murray Halberg ní mítà 5,000.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni kí kóòṣì máa wò. Ṣé irin tí eléré ń gbé ti wúwo ju ti oṣù tó kọjá lọ, láìjẹ́ pé ìdúró rẹ̀ bàjẹ́? Tó bá sá eré kan náà láàárín àkókò kan náà, ṣé lílù ọkàn rẹ̀ ti dín sí ti tẹ́lẹ̀? Ṣé ó ń sùn dáadáa?

Ìrora tó yẹ kó ká kóòṣì lára ni èyí tó ń gún lójú kan tàbí tó wà ní oríkèé. Bí iṣan bá sì wú, tí ìtọ̀ dúdú lẹ́yìn iṣẹ́ àṣejù, ohun inú iṣan ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí eléré náà gbà lọ lójú ẹsẹ̀.