Ilé olówó là ń ṣọ́, ilé mẹ̀kúnnù ni olè ń wọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tí ara mi kì í gbà: "Kí ni olè fẹ́ wá jí nílé tálákà?" Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé ilé "face-me-I-face-you" rí, níbi tí ẹ̀yìnkùlé ò ti ní fẹ́ǹsì, tí ilẹ̀kùn jẹ́ pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó jẹ́ àgádágodo kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ gbogbo ohun téèyàn ní láyé.

Olè kì í kọ́kọ́ béèrè ẹni tó lówó jù. Ibi tó máa gbà wọlé ló ń wò, ibi tó máa gbà sá jáde, àti bóyá ẹnikẹ́ni máa rí òun. Tó bá forí lé Ìkòyí tàbí Lẹ́kí, géètì àdúgbò ló máa kọ́kọ́ dá a dúró, wọ́n á bi í léèrè ẹni tó wá kí. Tó bá rọ́nà gba ibẹ̀ kọjá, ògiri gíga ṣì wà níwájú, wáyà iná lórí ògiri, kámẹ́rà, ajá, máígádì, nígbà míì ọlọ́pàá tó gbébọn. Ní Múṣin tàbí Ajégúnlẹ̀ ńkọ́? Láti ojú títì, ẹsẹ̀ bíi mélòó kan ló kù kó bá ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí NEPA bá ti múná lọ, òkùnkùn biribiri. Fóònù tí wọ́n fi sí ṣáájì lẹ́bàá fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ kékeré, sílíńdà gáàsì, aṣọ orí okùn, kò sí èyí tí kò níye lórí fún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti tà á.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà tí ìjọba ti ń bi àwọn ará ilé léèrè láti ọdún pípẹ́ bóyá wọ́n fọ́lé wọn, àwọn ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré jù ni olè ń fọ́lé wọn jù.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ohun tí olè ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n jí tẹlifíṣọ̀n olówó, ó bínú, ó ra òmíràn. Ìyá kan ládùúgbò wa tó ń ránṣọ jí lọ́jọ́ kan, kò bá máṣíìnì rẹ̀ mọ́. Aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀, ọjọ́ òde ń sún mọ́lé, owó ilé ìwé ọmọ sì ń bẹ lọ́rùn. Kò sí ìwé ìbánigbófò kankan tó máa mú lọ síbì kankan. Ẹ má sọ fún mi pé nǹkan kékeré ni wọ́n jí níbẹ̀.

Àjọ tó ń ṣírò nǹkan fún ìjọba àpapọ̀, NBS, gbé ìwádìí kan jáde ní ìparí ọdún 2024. Ìdílé tó ju mílíọ̀nù 4 lọ ni wọ́n sọ pé olè ká mọ́lé láàárín oṣù karùn-ún ọdún 2023 sí oṣù kẹrin ọdún 2024. Nínú rẹ̀, ìdá 36.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló dé etí ọlọ́pàá. Kò yà mí lẹ́nu. Aláàárù wo ló máa fi odindi ọjọ́ iṣẹ́ jókòó sí tẹ́ṣàn nítorí fóònù? Òfo ọjọ́ yẹn á tún kún òfo olè.

Ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé kòrónà. Ní Agége, Ìfàkò-Ìjàyè, Alágbàdo títí dé Sàngó Ọ̀tà, ariwo àwọn ọmọ Awáwà àti One Million Boys, àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú, gba ìgboro. Àwọn baálé ilé yọ àdá àti igi, wọ́n ń sun táyà ní oríta, wọ́n ń ṣọ́ òru mọ́jú. Òótọ́ ni pé ariwo míì ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ̀rù tó bà wọ́n kì í ṣe eré. Ebi ń pa wọ́n lọ́sàn-án, wọn ò rí oorun sùn lóru. Ibi tí géètì àti ọlọ́dẹ wà kọ́ ni wọ́n ti sun táyà.

Mi ò sọ pé olè kì í jà lọ́dọ̀ olówó o. Ó ń jà, ó sì máa ń gbóná. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ọmọ ọ̀dọ̀ àti dírẹ́bà ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì mọ́lé, kí ẹnikẹ́ni tó wádìí.

Àwa fúnra wa la sọ ààbò di ọjà: ẹni tó bá lówó ló ń rí i rà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ààrẹ Tinúbú pàṣẹ pé kí wọ́n kó ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn èèyàn ńlá, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú mi dùn sí i. Ìbéèrè mi ni pé, àdúgbò wo ni wọ́n ń kó wọn lọ? Ìjọba Èkó náà ní àwọn Neighbourhood Safety Corps, àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí òfin ọdún 2016 dá sílẹ̀. Òpópónà tí kò lè dáwó ra géètì ló yẹ kí wọ́n pọ̀ sí jù. Ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gbowó ìsọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa lọ́jà náà ńkọ́? Iná ojú pópó tó ń tàn ni mo fẹ́ kí wọ́n fi owó yẹn ṣe, bẹ̀rẹ̀ láti àwọn àdúgbò tí wọ́n ti sun táyà lọ́jọ́ náà. Kí káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan sì wá sọ fún wa, ní gbangba, iye òpó iná tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀.