Epo pupa nìkan kọ́ ló ń mú triglycérides ga

Èrò ọkàn mi ni pé a ti di ẹrù ẹlẹ́rù ru epo pupa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yìí. Bí èsì àyẹ̀wò bá ti ní triglycérides, irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀, ga, epo àti ẹran la máa ń kọ́kọ́ sá fún. Àkàsà ńkọ́? Gààrí tí a da ṣúgà sí ńkọ́? Ẹlẹ́rìndòdò tí a fi ń sin oúnjẹ ńkọ́? Ìwọ̀nyẹn ò kúrò nílẹ̀.

Ọ̀rá tí ara ń fi agbára pa mọ́ sí ni triglycérides. Ṣúgà àti oúnjẹ oníyẹ̀fun tó bá ju èyí tí ara nílò lọ, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rá, á sì tì í sínú ẹ̀jẹ̀. Ti sódabì tún le: nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń bá ọtí jà, kì í ráyè jó ọ̀rá, á tún máa ṣe tuntun kún un.

Lórí ìwé làbù wa, bí kò bá tó 1,50 g/L (gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan), ó dára. Láti 2,00 ó ti ga. Tó bá dé 5,00, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi falẹ̀: pancréas tó wà lẹ́yìn àpòlúkù lè wú. Inú rírun kíkankíkan tó gba ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú èébì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ní irú ipò yẹn, epo pàápàá ní láti dín kù gidigidi.

Kí ẹ tó lọ ṣe àyẹ̀wò náà, wákàtí 12 láìjẹun, omi lásán nìkan, kò sì gbọdọ̀ sí ọtí ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹni tó mu ògì oníṣúgà kó tó gba làbù lọ, ògì yẹn ni wọ́n wọ̀n fún un.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé a kì í wádìí ohun tó fara pamọ́. Àtọ̀gbẹ tí a kò tíì mọ̀ lè wà nídìí rẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n yẹ glycémie, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, wò pẹ̀lú. Àìsàn kíndìnrín wà níbẹ̀, thyroïde (ẹ̀yà ara kékeré kan ní ọrùn) tí kò ṣiṣẹ́ tó, oyún, àjogúnbá, àti oògùn bíi corticoïde (tí wọ́n fi ń mú wíwú rọlẹ̀) tàbí àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o; ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ fi han dọ́kítà.

Ẹni tó ń jẹ àkàsà mẹ́ta, kó jẹ ẹyọ kan, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja kún àwo. Kó máa yára rìn fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, kó tún àyẹ̀wò náà ṣe, ní làbù kan náà.